Margaret Edwards àti Àwọn Fìtílà Kéékèèké: Ìtàn Obìnrin tí ó Ṣí Ilé-Ìkàwé Sílẹ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́

Ọjọ́ orí kan wà tí ó máa ń dà bí ẹni pé àwùjọ kò mọ ohun tí yóò fi ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe. Ọmọ náà ti dàgbà ju ẹni tí à ń mú jókòó síwájú olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sì tíì tó ẹni tí à ń pè sí ìpàdé àwọn baba tàbí ti àwọn ìyá ìjọ. Láti nǹkan bí ọdún 13 títí dé ọdún 19 ni à ń wí. Àkókò yìí ni ohùn ń yí padà, tí ìbéèrè ń pọ̀ lọ́kàn, tí ẹsẹ̀ sì ń fẹ́ rìn jìnnà sí ilé. Àkókò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń pàdánù àwọn ọmọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún, tí a sì ti kọ́ ní kátíkísìmù. Kì í ṣe pé gbogbo wọn bínú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn kò rí àyè tí a fi sílẹ̀ fún wọn.

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe àlùfáà, kò sì dá ìjọ kankan sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni. Ṣùgbọ́n ó fi 30 ọdún gbáko nínú ìgbésí ayé rẹ̀ wá àyè fún àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí yìí gan-an, ó sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí a ń pè lọ́dọọdún níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwé fún àwọn ọ̀dọ́. Margaret Alexander Edwards ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ jìnnà sí Òṣòdì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1902 ni a bí Margaret Alexander ní Childress, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Oko ni ó dàgbà sí. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí yunifásítì, Trinity University ni ó lọ, èyí tí ó wà ní ìlú Waxahachie nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí irú àwa tí à ń ka ojú ìwé yìí, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ Presbyterian ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1869. Ní ọdún 1922 ni Margaret gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí ó sì di olùkọ́.

Èdè Látìn ni ó yàn láàyò. Ó tẹ̀síwájú lórí rẹ̀ ní Columbia University ní ìlú New York, ó sì gba oyè kejì nínú rẹ̀ ní ọdún 1928. Lẹ́yìn èyí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè náà ní Towson, nítòsí Baltimore. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ọdún 15 ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́ ní ọjà tàbí nílé yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. A lè fi ìdánwò àti máàkì mú ọmọ kàwé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìwé kò ṣe é fi ipá gbìn sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Iṣẹ́ olùkọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò náà kì í ṣe àkókò tí ènìyàn ń fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé láti ọdún 1929, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn sì ń wá iṣẹ́ kiri. Obìnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún kan tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀, tí ìmọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti èdè àtijọ́, ta ni yóò gbà á? Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ilẹ̀kùn kan bá tì, tí a kò sì tíì rí òmíràn. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún Margaret ní ọdún 1932 ni ti ilé-ìkàwé gbogboògbò ìlú Baltimore, èyí tí a ń pè ní Enoch Pratt Free Library. Wọ́n gbà á sí kíláàsì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun.

Ilé-ìkàwé tí oníṣòwò kan fi ta ìlú lọ́rẹ

Ó yẹ kí a mọ ilé tí ó wọ̀. Enoch Pratt jẹ́ oníṣòwò tí ó wá láti ìpínlẹ̀ Massachusetts tẹ̀dó sí Baltimore, tí ó sì fi òwò irin di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1882 ó fi owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ta ìlú náà lọ́rẹ kí wọ́n fi dá ilé-ìkàwé sílẹ̀, a sì ṣí i ní ọdún 1886. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó wà fún gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà, láìwo àwọ̀ ara. Andrew Carnegie, gbajúgbajà ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́ ilé-ìkàwé káàkiri ayé, jẹ́wọ́ pé Pratt ni ẹni tí ó ṣáájú òun ní ọ̀nà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Èkó. Ní ọdún 1932 kan náà tí Margaret wọ Enoch Pratt ni a fi ìrànlọ́wọ́ owó àjọ Carnegie dá Lagos Library sílẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san owó ọmọ ẹgbẹ́ ni ó lè yá ìwé níbẹ̀, àwọn òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja tàbí alágbàṣe kò ní ìpín níbẹ̀.

Igun kékeré kan

Ní ọdún 1933 ni ilé-ìkàwé Enoch Pratt kó sínú ilé ńlá tuntun ní àárín ìlú. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Joseph Wheeler, jẹ́ ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ilé-ìkàwé gbọ́dọ̀ fa ènìyàn mọ́ra bí ṣọ́ọ̀bù ọjà ti ń fa oníbàárà mọ́ra. Nínú ẹ̀ka tí gbogbo ará ìlú ti ń yá ìwé ìgbafẹ́, wọ́n ya àwọn ìwé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba, wọ́n sì fi í sí abẹ́ àbójútó Margaret. Igun kékeré kan ni. Kò sí ẹni tí ó lè rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí dà bí àlejò ní ilé tí ó yẹ kí ó jẹ́ tiwọn. Yàrá àwọn ọmọdé ti kéré jù fún wọn, yàrá àwọn àgbà sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí wọ́n bá wọlé ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú ni òṣìṣẹ́ ń fi bá wọn wí. Bí wọ́n bá béèrè ìwé, a ó na ìka sí àpótí káàdì pé kí wọ́n lọ wá a fúnra wọn. Margaret ṣe òdìkejì. Kò jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì. Ó ń rìn láàárín pẹpẹ ìwé, ó ń sún mọ́ ọmọ tí ó dúró tí kò mọ èyí tí yóò mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ìwé kan tàbí méjì tí òun fúnra rẹ̀ ti kà lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ọkùnrin náà ní ìwé lọ́wọ́, ó sì ń kà á, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí yóò jókòó tì í. Fílípì kò dúró sí Jerúsálẹ́mù kí ọkùnrin náà padà wá. Ó sáré bá a lójú ọ̀nà. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni Margaret fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí yóò fi ìwé fún ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á

Iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ó padà sí Columbia University, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní ọdún 1937. Láti nǹkan bí ọdún 1940 ni ó ti di alábòójútó iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo ẹ̀ka ilé-ìkàwé náà káàkiri Baltimore. Nígbà yìí ni ó fi ohun kan lélẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, èyíinì ni bí ó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò gbà pé ìwé-ẹ̀rí nìkan tó láti bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́. Ó kọ orúkọ ìwé bí 300 sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n. Bí ó bá ti ka mẹ́wàá, yóò wá jókòó níwájú Margaret, wọn yóò sì jọ sọ̀rọ̀ lórí wọn: kí ni ó wà nínú ìwé yìí? Irú ọmọ wo ni ìwọ yóò fi í fún? Ọ̀rọ̀ wo ni ìwọ yóò sọ tí yóò fi fẹ́ mú un lọ sílé? Lẹ́yìn náà ni yóò padà lọ ka mẹ́wàá mìíràn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mìíràn sì kùn sí i. Ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ ṣe kedere. Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ kan rí kò lè sọ bí ó ti dùn tó fún ẹlòmíràn. Ọmọdé a sì máa tètè mọ àgbàlagbà tí ń yin ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ó tún rán àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Wọn yóò dúró níwájú kíláàsì, wọn yóò sọ ìtàn inú ìwé kan dé ibi tí ó ti dùn jù, wọn yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyókù yóò ní láti wá yá ìwé náà. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé agbára irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn ìyá wa tí ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí kí ọmọ má bàa sùn lọ.

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ó kó ìwé

Síbẹ̀ Margaret mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò wá sí ilé-ìkàwé rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àdúgbò tálákà wà ní Baltimore tí àwọn òbí ibẹ̀ kò kàwé, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ sì rò pé ilé ńlá olókùúta tí ó wà láàárín ìlú náà kì í ṣe fún irú àwọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, epo bẹntiróòlù di ohun tí ìjọba ń wọ̀n fún ènìyàn. Bí ènìyàn tilẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ kó ìwé lọ bá wọn, kò rọrùn.

Ní ìlú náà, àwọn tí ń ta èso àti ẹ̀fọ́ máa ń fi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà kiri láti òpópónà dé òpópónà. Margaret ronú pé bí kẹ̀kẹ́ ẹṣin bá lè gbé ọsàn àti tòmátì dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó lè gbé ìwé dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó háyà kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin, ó kó ìwé kún un, ó sì ń bá a lọ sí àwọn àdúgbò náà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ń sáré jáde bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn ọlọ́jà, wọ́n ń bá ìwé pàdé níbi tí wọn kò rò ó sí. Obìnrin tí ó ní oyè méjì láti Columbia University ni ó ń kiri ìwé lójú pópó yìí. Kò kà á sí ìtìjú.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò tàn dé

Ìtàn òtítọ́ kì í bo ibi tí ó dúdú. Ìlú tí Margaret ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ìlú tí òfin àti àṣà ti pín àwọn ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun. Láìka ìfẹ́ Enoch Pratt sí, àwọn ènìyàn dúdú lè yá ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kíláàsì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún Margaret nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà wọ́n wọlé. Ní ọdún 1943, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Louise Kerr, bèèrè pé kí wọ́n gba òun sí kíláàsì náà. Wọ́n kọ̀ fún un nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó pàdánù ní ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1945 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre pé níwọ̀n bí owó ìlú ti ń gbọ́ bùkátà ilé-ìkàwé náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà rẹ̀.

A mẹ́nu ba èyí kí a lè mọ̀ pé ilé kan lè máa ṣe rere ní yàrá kan kí ó sì máa ṣe àìṣòdodo ní yàrá kejì. Ìjọ Ọlọ́run pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí. Àwọn ọmọ tí ó jókòó sí iwájú ní ìsìn lè máa gba ìtọ́jú, kí àwọn tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà máa wò wá.

Fìtílà kéékèèké ní etí omi

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé fi bá Margaret jà. Ó ń fi ìwé ìtàn tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́ fún wọn: ìtàn ìfẹ́ àkọ́kọ́, ìtàn eré ìdárayá, ìtàn ọmọ tí ó ń wá iṣẹ́. Àwọn alátakò rẹ̀ sọ pé ìwé wọ̀nyí fúyẹ́ jù, pé àwọn ìwé ńláńlá tí ayé ti bọlá fún ni ó yẹ kí a fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1957 ó kọ àpilẹ̀kọ kan láti dá wọn lóhùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú English Journal, ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà. Àkọlé tí ó fún un yóò ya àwa ọmọ ìjọ lẹ́nu, nítorí pé orúkọ orin ìsìn kan ni: Let the Lower Lights Be Burning. Philip Bliss ni ó kọ orin náà ní ọdún 1871 lẹ́yìn tí ó gbọ́ ìtàn kan nínú ìwàásù ajíhìnrere Dwight Moody. Ọkọ̀ ojú omi kan ń bọ̀ wá sí èbúté Cleveland ní òru ìjì. Ọ̀gá ọkọ̀ náà rí iná ńlá ilé-ìmọ́lẹ̀ tí ó ga sókè, ṣùgbọ́n àwọn fìtílà kéékèèké tí ó yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀, ní etí omi, láti tọ́ka ẹnu ọ̀nà èbúté, ti kú. Iná ńlá náà ń tàn, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ṣìnà ó sì fọ́. Moody wí fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ni yóò tọ́jú iná ńlá, ṣùgbọ́n àwa ni ó yẹ kí a tọ́jú àwọn fìtílà ìsàlẹ̀.

Ohun tí Margaret ń wí nìyẹn. Àwọn ìwé ńláńlá ayé wà lókè bí ilé-ìmọ́lẹ̀, wọn kò lè kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 tí kò ka ìwé kan parí rí kò lè ti ọ̀dọ̀ wọn rí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fún un ní ìwé kékeré tí ó bá ohun tí ń ṣe é mu, tí yóò kà lóru kan. Nígbà tí ó bá gbádùn rẹ̀, ẹ fún un ní èyí tí ó ga díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà èyí tí yóò mú un jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan lọ sínú ọ̀ràn ẹlòmíràn: ọ̀ràn òṣì, ọ̀ràn ogun, ọ̀ràn ẹ̀yà tí a ń ni lára. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, ìwé kíkà kò dé òpin rẹ̀ títí tí yóò fi sọ ọmọ náà di aládùúgbò rere àti ọmọ ayé tí ó lójú àánú.

Ìyìn, ìsinmi àti ogún tí ó fi sílẹ̀

Margaret kò dá nìkan rìn ní ọ̀nà yìí. Ní ìlú Cleveland, a ti ṣí yàrá kan fún àwọn ọ̀dọ́ nínú ilé-ìkàwé láti ọdún 1925, níbi tí Jean Roos ti ṣiṣẹ́ takuntakun. Ní New York, Mabel Williams ti ń so ilé-ìkàwé pọ̀ mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kí Margaret tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Ọdún náà kan náà ni Margaret gba àmì-ẹ̀yẹ Grolier fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1962. Ní ọdún 1969 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, The Fair Garden and the Swarm of Beasts, àkọlé tí ó sọ nípa ọgbà ẹlẹ́wà kan àti agbo ẹranko tí ń rọ́ bọ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi tìbínú-tẹ̀rín sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí ó sì bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n ń tọ́jú káàdì àti owó ìtanràn ju bí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ènìyàn lọ. Títí di òní ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà ń kà á.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1988 ni ó dágbére fún ayé, ní ẹni ọdún 85. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ kí a máa fi gbé ìwé kíkà ga láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún náà ni a kọ́kọ́ fún ẹnìkan ní àmì-ẹ̀yẹ Margaret A. Edwards, èyí tí a ń fún òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ti ṣe àwọn ọ̀dọ́ ní àǹfààní fún ìgbà pípẹ́. S. E. Hinton ni ó kọ́kọ́ gbà á. Láti ọdún 1998, owó ogún rẹ̀ ni a fi ń ṣe ìnáwó Alex Awards, tí a fi ń yan ìwé mẹ́wàá lọ́dún tí a kọ fún àgbà ṣùgbọ́n tí yóò wu ọmọ ọdún 12 sí 18. Orúkọ bàbá rẹ̀, Alexander, ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gé kúrú sí Alex, òun ni wọ́n sì fi sọ àmì-ẹ̀yẹ náà.

Kí ni èyí kan Òṣòdì?

Ilẹ̀ wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìjọ gan-an ni ó ṣáájú. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, tí a sì ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Ní ọdún 1869 ni ilé ìtàwé CMS bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó sì di ọdún 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa nípa làálàá Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣe é. Ní ọdún 1953, UNESCO pe àpérò sí Ìbàdàn lórí ilé-ìkàwé gbogboògbò ní Áfíríkà. Ní ọdún 1964 ni ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn ní Èkó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti àdúgbò Máfólúkù rìn dé Ṣógúnlẹ̀, tàbí tí ó dúró ní ibùdókọ̀ Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí àwọn ọmọ wa. Òmíràn ń ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀, òmíràn ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, òmíràn wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, fóònù lọ́wọ́, orí sì tẹ̀ ba sórí rẹ̀. Ìjọ tí ó wà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà. Iná ńlá ń tàn ní gbogbo pẹpẹ, ohùn ìwàásù sì ń dún. Ìbéèrè tí ìtàn yìí bi wá ni pé ta ni ó ń tọ́jú àwọn fìtílà kéékèèké tí ó wà ní ìsàlẹ̀?

Èyí kò béèrè owó rẹpẹtẹ. Margaret bẹ̀rẹ̀ láti igun kan. Ìjọ tí ó ní gbọ̀ngàn lè ya pẹpẹ ìwé kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí ó má sì jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé tí kì í wá títí di ọjọ́ ìsinmi. Kí ìwé Yorùbá wà níbẹ̀, kí ti Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, kí ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn Ọlọ́run wà níbẹ̀, kí ìtàn tí yóò pa ọmọ lẹ́rìn-ín sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí a yan arákùnrin tàbí arábìnrin méjì tí yóò kọ́kọ́ ka àwọn ìwé náà tán kí wọ́n tó fi wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Kí a máa jókòó ti ọmọ, kí a sì fetí sí i kí a tó gbà á nímọ̀ràn. Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó dá ìwé padà, kí a yọ̀ pé ó padà wá. Bí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ kò bá lè wá sọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ìwé lọ bá wọn ní ìsọ̀ ọ̀gá wọn ní ọ̀sán ọjọ́ àbámẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò wọ́n ní Òṣòdì.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yin òbí, ọmọ ọdún 15 tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìjọ wa lónìí, tí kò wọlé tí kò sì lọ, kò ní dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹnìkan yóò pè é. Bí kì í bá ṣe àwa, àwọn tí ń pe ọ̀dọ́ lábẹ́ afárá kò ní sú láti pè é. Kí Olúwa fún wa ní ojú tí a ó fi rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi tọ̀ ọ́ lọ. Àmín.